Ilé Tí Kò Ṣeé Fi Sílẹ̀

Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹwàá, 2023

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àmójútó ilé. Ẹ ti sọ fún mi pé fóònù wà fún kíkí ni, pé ọ̀rọ̀ tó bá nítumọ̀ ń fẹ́ ìwé. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìwé. Kí Fúnkẹ́ àbúrò mi bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìkẹ́rẹ́, kó mú un wá bá yín nígbà tó bá ń bọ̀ ní Ògòtún lópin ọ̀sẹ̀.

Mi ò ní lè wá sílé lọ́dún Kérésì. Ẹ má tíì bínú, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ rántí ilé tí mo rà síbí ní oṣù Kẹfà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé iṣẹ́ ni ilé níbí. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin, òjò dídì ni. Omi inú páìpù lè dì. Tí omi bá dì, ó ń wú. Tó bá wú, páìpù á bẹ́. Tí páìpù bá bẹ́, ilé á di odò. Hítà tó ń mú ilé gbóná gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Àwọn inṣọ́ránsì sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé tí onílé bá rìnrìn àjò nígbà òtútù, kí ẹnì kan máa wọlé yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ò mọ̀ mí rí. Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé yìí. Ẹ mọ̀.

Iṣẹ́ kọnkéré tí à ń ṣe, ìgbà òtútù nìkan ló máa ń dáwọ́ dúró. Ìyẹn ni pé ìgbà tí mo bá ráyè wá sílé gan-an ni ilé kò ṣeé fi sílẹ̀. Mo ti wé fóòmù mọ́ páìpù, mo ti kó ewé kúrò nínú gọ́tà òrùlé, mo ti fi rọ́bà dí etí fèrèsé. Mo wá jókòó báyìí, mò ń wò ó.

Ní ti ilé tuntun tí mo kọ́ sí Ògòtún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọ̀ ọ́. Fúnkẹ́ fi fọ́tò ògiri yàrá yín ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀là yẹn ti gùn láti òkè dé ilẹ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀ mọ́ látìgbà tí mo ti rí i. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ wọlé, ẹ sùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Ayọ̀túndé


Ògòtún-Èkìtì
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kọkànlá, 2023

Ayọ̀túndé ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ilé tí ò ń ṣọ́. Àwa náà ń bẹ. Awò ojú mi ti fọ́, Fúnkẹ́ ló ka lẹ́tà rẹ fún mi. Mo ní kó tún un kà, nítorí mo rò pé ó fo ibì kan. Kò fo ibì kankan.

Mo kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tó ń jẹ́ òjò dídì. Ohun tí n kò mọ̀ ni ilé tí kò ṣeé fi sílẹ̀. Ṣé ilé ni, àbí ọmọ ọwọ́? Lawrence tó múlé tì wá fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Kàdúná fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tó dé, ó bá ewúrẹ́ nínú pálọ̀. Ó lé ewúrẹ́ jáde, ó gbálẹ̀, ó wọlé. Ilé nìyẹn. Àdí àgbọn náà máa ń dì nígbà ọyẹ́. Oòrùn là ń gbé e sí, a kì í jókòó tì í títí di oṣù Kẹrin.

N kò ní kó wọ ilé tuntun. O mọ ìdí rẹ̀, tí o bá sì ti gbàgbé, mo ń tún un sọ. Ní ìdílé bàbá rẹ, ẹni tó kọ́lé ló ń kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀, lórí ẹní, kí bẹ́ẹ̀dì kankan tó wọlé. Bàbá rẹ sùn nínú èyí tí mo wà yìí kí wọ́n tó gbé mi wọ̀ ọ́. Bàbá tó bí i náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé tí onílé kò bá tíì sùn sí, àlejò ni gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́, èmi kò sì fẹ́ ṣe àlejò ọmọ tí mo bí. Mo ti hun ẹní náà láti ìgbà Àjíǹde. Ó wà ní kíká lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé mo ń lọ gbá iwájú ilé rẹ, n kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Àwọn àdán ti wọ òkè sílìn. Àwọn kò béèrè ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sùn.

Ní ti ẹ̀là ara ògiri, ó ti gba àtẹ́lẹwọ́ mi báyìí. Mo fi àkísà dí i nítorí aláǹgbá. Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, kò sí ohun tí ògiri náà yóò ṣe títí òjò àkọ́rọ̀ oṣù Kẹta.

Wá sùn nínú ilé rẹ. N kò ní kí o pẹ́.

Ìyá rẹ,
Dorcas Bámijókò


Winnipeg
Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kọkànlá, 2023

Màámi,

Ẹ kú ìrójú. Òjò dídì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí n gbé e sóòrùn. Oòrùn wà níbí, ó ń ràn, ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kò kàn ń ṣe nǹkan kan ni. Ó ń wò wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òrùlé kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò purọ́. Òjò dídì máa ń gun òrùlé, á jókòó síbẹ̀. Ooru inú ilé á yọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀, omi á ṣàn lọ sí etí òrùlé, ibẹ̀ á tún dì, á wá di bèbè yìnyín. Omi tó bá tún bọ̀ lẹ́yìn kò ní rọ́nà jáde, á gba abẹ́ òrùlé padà wọ sílìn. Torí náà mo ní ohun kan tó dà bíi kọ́ńgọ́ tí ẹ fi ń ká ìbẹ́pẹ, mo máa ń dúró nílẹ̀ fi wọ́ òjò dídì kúrò lórí òrùlé. Orí mi ló ń bọ́ sí.

Òfin tún ní kí n kó ti iwájú ilé, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Mo kó o tán lánàá, mo yíjú padà, ó ti kún. Èmi ni mo yọ̀ ṣubú. Iyọ̀ là ń dà sílẹ̀ kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ gidi, àpò-àpò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ògòtún pé mò ń da iyọ̀ sílẹ̀.

Màámi, ẹ̀là tó gba àtẹ́lẹwọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi àkísà dí. Mo ti ronú sí i. Kí Fúnkẹ́ tẹ́ ẹní sí yàrá ilé tuntun, kó gbé fóònù lé e pẹ̀lú fídíò. Èmi náà á dùbúlẹ̀ níbí, n ó dijú. Ṣé ìyẹn ò tó sísùn? Ẹ bá mi rò ó.

Ọmọ yín,
Ayọ̀túndé


Ògòtún-Èkìtì
Ọjọ́ Keje, Oṣù Kejìlá, 2023

Ayọ̀túndé,

Pẹ̀lẹ́ o, mo gbọ́ pé o ṣubú. Fi omi gbóná jó o.

Mo ní kí Fúnkẹ́ gbé fóònù lé orí ẹní kí n wò ó. Mo wò ó. Mo ní kó gbé e kúrò.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Adéníran àbúrò mi nìkan ni mo sọ fún, òun náà kò sì sọ fún ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin tó wá ń kí mi kú ìfaradà lọ́jọ́ Àìkú, n kò mọ ibi tí wọ́n ti gbọ́.

Nígbà tí mo ń bá Adéníran sọ̀rọ̀ ni mo rántí pé Caleb ọmọ rẹ̀ ń kàwé níbẹ̀, ní Winnipeg kan náà. Mo ti pè é. Ó ní àwọn mẹ́rin ló wà nínú yàrá kan ṣoṣo, òun á fò wọ ilé rẹ. Ilé rẹ ti lẹ́ni tí yóò ṣọ́ ọ. Mo ti bá Àlúfà Ebenezer sọ ọ́, ọjọ́ kìíní ọdún la ó gbàdúrà sí ilé, alẹ́ ọjọ́ náà ni wàá sùn níbẹ̀, èmi náà yóò sì kó wọlé lọ́jọ́ kejì. Lawrence ti ní òun yóò gbé bẹ́ẹ̀dì mi.

Tí o bá tún ní ìdí mìíràn, kọ ọ́ wá kíákíá kí n lè dá a lóhùn.

Ìyá rẹ


Winnipeg
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kejìlá, 2023

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mi ò ní ìdí mìíràn. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ ogún. Kì í ṣe torí àṣà, torí ògiri yẹn ni.

Caleb ti kó wọlé. Ọmọ dáadáa ni, ó ń gbálẹ̀ kí n tó jí. Mo fi hítà hàn án, mo ní ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Mo fi kọ́ńgọ́ òrùlé hàn án. Mo ní tí òtútù bá le jù, kó jẹ́ kí omi máa kán díẹ̀díẹ̀ nínú tápù, torí omi tó ń rìn kì í tètè dì. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ má fún Caleb ní ìmọ̀ràn kankan nípa ilé yìí. Ẹ kàn máa gbàdúrà fún un.

Ó dìgbà tí a bá fojú rinjú.

Ayọ̀túndé


Winnipeg
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kìíní, 2024

Màámi,

Mo dé láyọ̀. Ilé ni kò sí láyọ̀.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo rò pé mo ti ṣi ilé wọ̀. Yìnyín ń rọ̀ láti òkè kíṣìnnì dé orí sítóòfù. Sílìn pálọ̀ wà nílẹ̀. Àga ìjókòó mi ti dì mọ́ ilẹ̀, àwa méjèèjì fà á, kò mira. Caleb jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì méjì lọ́rùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìjọ rẹ̀ lọ ṣe àìsùn ọdún tuntun ní ìlú mìíràn, ó sì lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́hùn-ún. Kó tó jáde, ó lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, ó pa iná gbogbo ilé láti orísun. Hítà kú. Páìpù bẹ́. Nígbà tó dé, tó tan iná padà, tí ilé gbóná, gbogbo ohun tó ti dì yọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya láti òkè. Ó tún sáré pa á. Mo bi í pé kí ló dé tó fi pa á lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní, "Màmá ní kí mi pa gbogbo uná kí mi tó jáde n'ulé." Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè mí. Ó ní Màmá ní kí òun má yọ mí lẹ́nu nígbà tí mo bá ń ṣílé lọ́wọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín.

Àwọn inṣọ́ránsì wá, wọ́n wò ó, wọ́n ní nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ló pa hítà, àwọn ò ní san nǹkan kan. Èmi àti Caleb ti kó lọ sí yàrá rẹ̀ àtijọ́. A di márùn-ún níbẹ̀. Ilẹ̀ ni mò ń sùn sí.

Inú ń bí mi, mi ò ní fi pa mọ́. Alẹ́ tí mo nà gbọọrọ sórí ẹní yín ni páìpù ń bẹ́ níbí. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má wá.

Ayọ̀túndé


Ògòtún-Èkìtì
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kìíní, 2024

Ayọ̀túndé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Caleb. Má lù ú.

Òótọ́ ni, èmi ni mo sọ fún un. Kì í ṣe ìmọ̀ràn ni mo kà á sí. Bí èèyàn ṣe ń sọ fún ọmọ pé kó tilẹ̀kùn ni. Ọdún tí iná dé tipátipá nílé Lawrence, kò sí ẹnikẹ́ni nílé, tẹlifíṣọ̀n àti firíìjì jóná mọ́ ara wọn. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń jáde nílé wa tí kì í pa gbogbo iná. Kékeré lo ti ń pa á. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí o fẹ́ padà, o ti gbé báàgì rẹ sínú mọ́tò, o tún sáré wọlé, o pa iná láti ìdí mítà. Èmi wà nínú ilé. Mo wà nínú balùwẹ̀. O pa á mọ́ mi lórí, o lọ. N kò bá ọ wí, nítorí ohun tí mo kọ́ ọ ni.

Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi pé ní ilẹ̀ yẹn, iná kíkú ló ń ba ilé jẹ́. Tiwa, iná dídé ni.

Ó dùn mí. Mo ń sọ ọ́ kedere, ó dùn mí wọra. Mo ń rò ó bí mo ṣe ń dùbúlẹ̀ nínú ilé rẹ, tí ìwọ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ilé náà dára. Ó dákẹ́ jù. Lawrence ló bá mi lé àwọn àdán.

Ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́tà rẹ, n kò mọ èsì rẹ̀, n kò sì ní dá a lóhùn.

Ìyá rẹ,
Dorcas


Ògòtún-Èkìtì
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì, 2024

Ayọ̀túndé,

Ẹ kú òtútù níbẹ̀. N kò rí èsì. Fúnkẹ́ ní fọ́tò lẹ́tà mi ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó ní ó ti ní àmì búlúù méjì. Mo ní kí ni àmì búlúù ń sọ. Ó ní kò sọ nǹkan kan, o kàn ti kà á ni.

Mo ti ronú lórí ilé rẹ yẹn. Ọjọ́ tí o rà á, ṣé bẹ́ẹ̀dì lo gbé wọ̀ ọ́? Má purọ́ fún mi. N kò sọ pé torí rẹ̀ ni páìpù ṣe bẹ́. Mo kàn ń béèrè ni.

Ọmọ ìjọ wa kan, Bísọ́lá, ń padà sí Winnipeg lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti hun ẹní mìíràn, mo dì í, mo fi rán an. Tí o bá ṣì ń bínú, kò burú, ẹní náà kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n má sùn sílẹ̀ lásán mọ́.

Ìyá rẹ


Ògòtún-Èkìtì
Ogúnjọ́, Oṣù Kẹta, 2024

Ayọ̀túndé ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara mi le. Mo fi ìyẹn síwájú kí o má baà sáré ka ìyókù.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú ìjì. Ògiri yàrá mi àtijọ́ wó. Kò wó síta, inú ló wó sí. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ibi tí bẹ́ẹ̀dì mi máa ń wà. Igi àjà náà já lé e.

Lawrence ló kọ́kọ́ gbọ́ ariwo. Ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé bẹ́ẹ̀dì mi kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ tèmi-tagbòjò, ó ń fọwọ́ gbẹ́ ẹrùpẹ̀, ó ń pe orúkọ mi. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Lawrence, ta lò ń wá?" Ó bojú wẹ̀yìn, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní, "Ulé ọmọ rẹ o! Ulé ọmọ rẹ!" Láti àárọ̀ ló ti ń wá yọjú sí mi bóyá mo ṣì wà.

Inú ilé rẹ ni mo wà nígbà tó wó. Mo ń sùn.

Mo ní n kò ní dá ìlà rẹ yẹn lóhùn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n dá a lóhùn báyìí. O ní ká ní o mọ̀ ni, o ò bá má wá. O kò mọ̀, ọmọ mi. O wá.

Ìyá rẹ tó ń bẹ láàyè,
Dorcas Bámijókò


Winnipeg
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹta, 2024

Màámi,

Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu, ẹ kú ewu.

Kí Fúnkẹ́ mú báírò, kó fa ìlà lé ibi tó gbẹ̀yìn lẹ́tà mi ti oṣù Kìíní, kó fà á títí kò fi ní ṣeé kà mọ́. Mo ka lẹ́tà yín níbi tí wọ́n ti ń tún òrùlé ṣe, mo sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, mo jókòó sínú òjò dídì. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé mo ṣubú ni. Mo dákẹ́ fún yín láti oṣù Kìíní nítorí páìpù. Ẹ foríjì mí.

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀dì ni mo gbé wọ ilé yìí lọ́jọ́ kìíní.

Ẹní ti dé. Páìpù tuntun ti wọlé, sílìn kò tíì sí, bẹ́ẹ̀dì ò sì tíì wọ ibẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sí àárín pálọ̀ lánàá kí lẹ́tà yín tó dé, mo sùn lórí rẹ̀. Caleb ní òun ò ní wọlé títí n ó fi jí, ó lọ sun yàrá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ulé o."

Nígbà tí a ń jáde, ọwọ́ mi ti wà lára súìṣì ìsàlẹ̀ ilé kí n tó mọ̀. Caleb kàn ń wò mí. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò, a jáde, a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn.

Ẹ̀yin náà, tí iná bá wà, ẹ má pa ti iwájú ilé mọ́ lálẹ́. Ẹ jẹ́ kí Lawrence máa rí i pé ẹ wà nílé.

Ọmọ yín tó wá,
Ayọ̀túndé